Ta Ni Yóò Bá Wọn Sọ Ẹrù Náà?

Ẹ̀kọ́ fún ìrántí àwọn ọmọ-ogun. Ibi kíkà: Gálátíà 6:1–10.



Ọjọ́ 15 oṣù Kíní ni orílẹ̀-èdè wa yà sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Ní àtijọ́, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá li a máa ńṣe é, nítorípé li ọjọ́ náà ni ogun àgbáyé kìn-ín-ní dáwọ́ dúró li ọdún 1918. Ṣùgbọ́n nígbàtí ogun abẹ́lé wa parí li ọjọ́ 15 oṣù Kíní ọdún 1970, a gbé ìrántí náà wá sí oṣù Kíní. Li ọjọ́ náà a ńfi òdòdó lélẹ̀, fèrè a dún, a sì tú ẹiyẹlé sílẹ̀ kí nwọ́n fò lọ ní àmì àlááfíà. Ohun tí ó yẹ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàtí òdòdó bá ti rọ, tí ẹiyẹlé sì ti lọ, kíni ó kù tí ìjọ Ọlọ́run yóò ṣe? Èyí ni mo fẹ́ kí a jùmọ̀ rò.

Nínú ibi tí a kà nì, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì sọ ohun méjì tí ó dàbí ẹnipé nwọ́n takora. Li ẹsẹ 2, ó rọ̀ wá kí a máa ran ara wa lọ́wọ́ nínú ohun tí ó wúwo fún wa, ó sì ní bẹ́ẹ̀ li a fi ńmú òfin Krístì ṣẹ. Nígbàtí ó dé ẹsẹ 5, ó ní kálukú ni yóò ru tirẹ̀. Ẹnití ó bá kà á wéré lè bèrè pé, èwo li a ó ṣe nínú méjèjì? Ṣùgbọ́n àwa tí a bí ní ilẹ̀ tí a ti ńfi orí ru ẹrù kò ní láti jiyàn púpọ̀ lórí èyí. Ẹ wo àgbẹ̀ tí ó di iṣu kún agbọ̀n rẹ̀ ní oko. Òun nìkan kò lè gbé e dé orí, ó ní láti pe ẹnití ńkọjá lọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e rù mí." Nígbàtí ó bá bọ́ sí ọ̀nà, ọrùn tirẹ̀ ni ó ńru ú, kò sí ẹnití ó lè yá a ní ọrùn. Ṣùgbọ́n nígbàtí ó bá dé ilé, ó di dandan kí ẹnìkan tún dìde láti bá a sọ̀ ọ́. Bí kò bá sí ẹnití yóò bá a sọ̀ ọ́, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù li orí, tàbí kí ó jù ú sílẹ̀ kí ohun inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Nítorínáà ènìà mẹ́ta li ó wà nínú ọ̀ràn ẹrù: ẹnití ó gbé e rù ni, ẹnití ó rù ú, àti ẹnití ó bá ni sọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí a fi èyí wo àgbẹ̀ tí a mú kúrò ní oko rẹ̀, tí a sì fi sí ìdí àgbá ní ojú ogun.

Èkíní: Ẹrù tí a gbé rù wọ́n.

Ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ li ọdún 1939. Li ọdún 1941 àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà wà nínú àwọn tí ó bá àwọn ará Ítálì jà ní Ìlà-Oòrùn Áfríkà. Àwọn li ó wọ Mogadishu li ọjọ́ 25 oṣù Kejì, nwọ́n sì wọ Harar ní ilẹ̀ Etiópíà li ọjọ́ 26 oṣù Kẹta. Li ọdún 1943, nígbàtí àwọn ará Jàpáànì ti gba ilẹ̀ Bọ́mà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ-ogun jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, ó sì fi wọn dá ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì, èyí tí a fi nọ́mbà pè ní 81 àti 82. Àmì ti Ẹgbẹ́ 81 ni aláǹtakùn. Àmì ti Ẹgbẹ́ 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tí a gbé dábùú ara wọn la inú òṣùká kọjá.

Ẹ̀yin ará, ẹ dúró li orí ọ̀rọ̀ yí díẹ̀. Nínú gbogbo ogun tí a ti gbọ́ ìròhìn rẹ̀, kìnìún li àwọn ẹlòmíràn ńfi ṣe àmì, tàbí idì, tàbí idà. Ti àwọn bàbá wa ni òṣùká, ohun tí ìyá wa fi ewé tàbí aṣọ àtijọ́ ká kí ẹrù má bà á lè dun orí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ẹkùn Arakan tí a rán wọn lọ, òkè li ó wà, àti igbó kìjikìji, àti odò, àti ẹrẹ̀. Níbi púpọ̀ kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Ọkọ̀ òfuurufú li ó ńju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, orí ènìà li ó sì ńgbé e lọ sí iwájú.

Orí ènìà náà li ó ru àgbá. Àgbá tí àwọn ẹgbẹ́ yí ńlò ni àgbá kékeré ti orí òkè, èyí tí ihò ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínṣì 3.7. Bí a bá tò ó pọ̀ tán, ó wọ̀n tó nǹkan bí pọ́ùn 1,600. Ṣùgbọ́n a ṣe é lọ́nà tí a lè tú u sí ẹrù 8 fún ìbaaka. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ogun wa, ènìà li ó rọ́pò ìbaaka. Kì í ṣe Bọ́mà li ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ogun Kamẹrúùnù ti ọdún 1914 sí 1916 pàápàá, orí aláàárù li a fi ńgbé àgbá àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà. Ẹnìkan a ru apá kan, ẹnìkejì a ru òmíràn, ohun tí ó bá sì wúwo ju orí kan lọ, ènìà púpọ̀ a pín in gbé. Nígbàtí nwọ́n bá dé ibi tí a pàṣẹ, nwọn a tò ó pọ̀, nwọn a sì yìn ín.

Tani àwọn ènìà wọ̀nyí? Púpọ̀ nínú wọn li àgbẹ̀. Ẹlòmíràn fi inú ara rẹ̀ lọ nítorí owó oṣù àti nítorí ojú tí ó fẹ́ là. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé àṣẹ ìlú li ó tì í lọ, tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nwọ́n fi ọkọ́ àti àdá sílẹ̀ ní abà, nwọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, àti láti Íńdíà lọ sí Bọ́mà. Li ọdún 1944 Ẹgbẹ́ 81 jà ní àfonífojì odò Kaladan. Ní òpin ọdún náà Ẹgbẹ́ 82 wọ ojú ogun, àwọn méjèjì sì jùmọ̀ ní ọwọ́ nínú gbígba ìlú Myohaung ní oṣù Kíní ọdún 1945. Bẹ́ẹ̀ li a gbé ẹrù rù wọ́n, nwọ́n sì rù ú dé ibi tí a rán wọn.

Èkejì: Ẹrù tí olúkúlùkù dá rù.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́hìn, nígbàtí mo ńṣe olùkọ́ ìjọ ní oko kan, bàbá àgbẹ̀ kan wà láàrin wa tí ó ti lé li ọgọ́rin ọdún, tí àwọn ọmọdé ńpè ní Bàbá Bọ́mà. Oko iṣu àti kòkó li ó ńṣe. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ó ti wà nínú àwọn alágbàá ti Ẹgbẹ́ 82. Ọ̀kan nínú kẹ̀kẹ́ tí àgbá fi ńyí li ó kọ́kọ́ ńgbé. Lẹ́hìnnáà nwọ́n fi í sí ara àwọn tí ńki ọta bọ inú rẹ̀. Kì í sọ ìtàn ogun fún ẹnikẹ́ni. Àgbà tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n ni.

Li ọjọ́ kan tí a jọ ńto iṣu ní abà rẹ̀, ó là á yé mi. Ó ní, "Tíṣà wa, ẹnití ó fi àdá jà rí ojú ẹni tí ó ńbá jà. Àwa kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan wà ní orí òkè ní iwájú lọ́hùn-ún tí ńwòye fún wa, tí ó sì ńránṣẹ́ wí pé kí a gbé ẹnu àgbá sókè díẹ̀, kí a yí i sí apá ọ̀tún díẹ̀. A ó gbé e, a ó yí i, a ó ki í, a ó yìn ín. Ọta a lọ. Kì í padà wá jíṣẹ́."

Òtítọ́ li ó sọ. Àgbá náà lè ju ọta tí ó wọ̀n tó pọ́ùn 20 sí ibi tí ó jìnnà ju máìlì 3 lọ. Ẹnití ó wà ní ìdí rẹ̀ ńgbọ́ ìró ni, kò rí ibi tí ó bà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Arakan wà ní ilé wọn láàrin ogun méjèjì, àgbẹ̀ tí ńgbin ìrẹsì, tí nwọn kò pe Gẹ̀ẹ́sì, tí nwọn kò sì pe Jàpáànì.

Li ọjọ́ Ìkórè, ìdì iṣu méjì ni bàbá yí máa ńgbé wá sí ilé Ọlọ́run, kì í ṣe ẹyọ kan. Èkíní jẹ́ ti ìdílé rẹ̀. Nígbàtí akọ̀wé ìjọ bá bèrè orúkọ tí a ó kọ sí èkejì, a máa dáhùn pé, "Ẹ kọ ọ́ sí orúkọ àwọn tí nkò mọ̀." Àwọn ará rò pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kú sí ojú ogun li ó ńwí. Nígbàtí mo bi í, ó ní, "Àwọn ẹgbẹ́ mi ni mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ orúkọ wọn. Àwọn tí ọta wa bá ni."

Ẹ̀yin ará, kíni a ó wí sí èyí? Ẹ má ṣe rò pé ó ńfi iṣu ra ìdáríjì. Ó ti kọ́ katikísímù rẹ̀ dáradára, ó sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Krístì nìkan li ó ńwẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ìdì iṣu kejì nì ni ìrántí. Ó ńjẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run pé àwọn kan wà ní ìdàkejì òkè tí nwọ́n ní ìyá bí òun, tí nwọ́n sì ní oko bí òun. Ìjọba fún un ní àṣẹ láti yin àgbá, ó sì gbọ́ràn; nkò jókòó ní ipò onídàjọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ tilẹ̀ ti ẹnu ẹlòmíràn wá, ọwọ́ tirẹ̀ ni ó ki ọta. Ohun tí Àpọ́sítélì ńsọ li ẹsẹ 5 nìyí. Ẹrù kan wà tí kò sí ọ̀rẹ́ tí ó lè bá ni rù ú. Kò sí àmì-ẹ̀yẹ tí a lè fi kọ́ àyà ènìà tí yóò mú u fúyẹ́, ìwàásù tí a fi ńyin àwọn akọni kò sì lè dé ibẹ̀. Níwájú Ọlọ́run nìkan li ènìà ti lè sọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Kí ó tó kú, ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí nwọ́n má yin ìbọn kankan nígbàtí a bá ńsin òun. Ẹ mọ bí èyí ti ṣòro tó ní abúlé. Àwọn ọdẹ ti ńki ẹ̀tù sí ṣakabùlà wọn, nítorípé lójú wọn, ìtìjú ni kí a sin ẹni tí ó lọ sí ogun bí ẹni tí ń yọ́ lọ. Àríyànjiyàn náà pẹ́ títí di ọ̀sán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà li ó parí rẹ̀. Ó ní, "Ìró ìbọn tí bàbá mi gbọ́ ní ilé aiyé ti tó o." Àwọn ọdẹ gbé ìbọn wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, agogo ìjọ li a sì lù fún un, títí tí a fi dé ibojì.

Ẹ̀kẹta: Ẹnití yóò bá wọn sọ̀ ọ́.

Ogun parí li ọdún 1945, ṣùgbọ́n nígbàtí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí padà dé, púpọ̀ nínú wọn kò rí ẹnití yóò bá wọn sọ ẹrù. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Accra, ní ilẹ̀ Gold Coast tí a ńpè ní Ghana nísisìyí. Li ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, àwọn tí ó ti ṣe ọmọ-ogun tò lọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Gómìnà ní Christiansborg, nítorí ìlérí tí a ṣe fún wọn tí nwọn kò rí. Àwọn ọlọ́pàá dí wọn li ọ̀nà, a sì yin ìbọn sí wọn. Mẹ́ta nínú wọn kú. Ẹnití ọta Jàpáànì kò pa ní Bọ́mà, ọta ìjọba tí ó jà fún li ó pa á ní ìlú rẹ̀. A gbé ẹrù rù wọ́n, ẹnití ó gbé e rù wọ́n sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdàkejì hàn yín. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ogun li ọdún 1942. Kì í ṣe alágbàá. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ li ó ńtọ́jú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànì kọlu wọn ní etí odò Kaladan. Ọta fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè rìn. Òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, li ó ṣẹ́kù nínú igbó. Ní ilẹ̀ tí àwọn ọ̀tá ti gbà yí, ará abúlé kan, Mùsùlùmí, gbé oúnjẹ àti omi wá fún wọn, ó sì fi wọn pamọ́, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí a bá rí i, òun àti ilé rẹ̀ ni yóò kú. Bẹ́ẹ̀ li ó rí títí di oṣù Kejìlá, nígbàtí àwọn ọmọ-ogun ẹgbẹ́ wọn dé tí nwọ́n sì gbà wọ́n. Li ọdún 2011 ìwé ọpẹ́ Isaac Fadoyebo dé ọwọ́ àwọn ìdílé ẹni náà ní Bọ́mà. Ọdún kejì rẹ̀, 2012, ni òun tìkararẹ̀ sùn.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi èyí wé ìtàn ará Samáríà tí Olúwa wa sọ. Ẹnití ó bá ọmọ Emùré-Ilé sọ ẹrù kò mọ èdè rẹ̀, kò jẹ́ ti ìsìn rẹ̀, kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ohunkóhun. Ó lè jẹ́ pé nítòsí abúlé bí tirẹ̀ ni ọta alágbàá wa bọ́ sí. Bí àlejò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wa, kíni àwa yóò ṣe fún ara ilé wa?

Mo dábàá ohun mẹ́ta, ohun tí ìjọ oko tí ó kéré jù pàápàá lè ṣe.

Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, a kọ orúkọ tí ó sún mọ́ 27,000 sí ara ọ̀wọ̀n ìrántí, orúkọ àwọn ọmọ-ogun tí a kò mọ ibojì wọn, àwọn ọmọ Áfríkà sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó padà wá ilé tí nwọ́n sì kú sí oko ńkọ́? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ bi ìyá àgbà àti bàbá àgbà wọn. Kí nwọ́n kọ orúkọ ẹni náà, oko rẹ̀, àti ibi tí ó lọ. Bí aláàárù li ó ṣe, ẹ kọ aláàárù, kí ẹ má sì tijú. Àgbá kò bá má dé ibi tí a ti yìn ín, bí kò ṣe ti ẹnití ó rù ú. Kí a ka àwọn orúkọ náà ní ìjọ li ọdọọdún.

Ẹ má ṣe mú ogun dùn li etí àwọn ọmọdé. Ọmọ tí ó bá gbọ́ nípa ìlú tí a gbà gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa ìdì iṣu kejì pẹ̀lú.

Ẹ wo àwọn ọmọ-ogun tí ńbọ̀ láti ojú ogun ní ìgbà tiwa. Láti ọdún 2009 ni ogun ti wà ní Bọ́rnó àti agbègbè rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ wa sì wà nínú àwọn tí a rán lọ. Nígbàtí ọ̀kan nínú wọn bá dé ilé, àwọn ọ̀dọ́ a yí i ká, nwọn a máa bi í pé, ènìà mélòó li o pa? Kò sí ìbéèrè tí ó burú jù èyí lọ. Ẹ lọ kí i kí ó tó pè yín. Ẹ gbé oúnjẹ lọ. Ẹ jókòó tì í, bí ó bá dákẹ́, kí ẹ̀yin pẹ̀lú dákẹ́. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe sáré dá a lójú pé kò sí nǹkan, nítorípé nǹkan wà. Òun li ó sì mọ bí ó ti wúwo tó. Bí ó bá ní aya àti ọmọ tí kò padà wá bá, ẹ má jẹ́ kí oko wọn di igbó.

Ìjọ kò lè ru èyí tí ẹsẹ 5 ńsọ. Ṣùgbọ́n ìjọ lè dúró ní ẹnu ọ̀nà nígbàtí aláàárù bá ńbọ̀, kí ó na ọwọ́ sókè, kí ó sì wí pé, "Ẹ kú rírù. Ẹ jẹ́ kí a bá yín sọ̀ ọ́." Nípa báyìí li a ó fi mú òfin Krístì ṣẹ, ẹnití a gbé igi àgbélèbú rù, tí a sì mú àjèjì kan tí ńti oko bọ̀, Símónì ará Kírénè, láti bá a rù ú.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Olúwa, ìwọ tí o mọ orúkọ àwọn tí àwa kò mọ̀, a fi àwọn tí ó ru àgbá àti àwọn tí ọta bá lé ọ lọ́wọ́. Sọ ẹrù kalẹ̀ fún ẹnití ọrùn ńdùn. Kọ́ wa láti máa dúró ní ẹnu ọ̀nà de ara wa. Nítorí Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.